Ọwọ́ Ta Ni Iṣẹ́ Oníbàárà Wà Báyìí?

Ìbéèrè yín lórí okòwò kékeré

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Atẹ̀wé ni mí ní Ṣómólù, òpópónà Ṣípẹ̀olú ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Èèyàn mẹ́fà ló ń bá mi ṣiṣẹ́: àwọn méjì ń ṣe dìsáìnì, ẹnì kan wà nídìí ẹ̀rọ, ẹnì kan ń gé ìwé, àwọn méjì tó kù ń gbé iṣẹ́ kiri. A dúpẹ́, iṣẹ́ ń wọlé. Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Lásìkò kàlẹ́ńdà tó kọjá, jọ́tà ìsìnkú tí a ti tẹ̀ parí sùn sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń bá wa ṣe laminéṣọ̀n fún odindi ọjọ́ mẹ́rin, kò sẹ́ni tó rántí pé ibẹ̀ ló wà. Ìgbà tí àwọn ọmọ olóògbé dé láti wá kó o la tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wa kiri.

Gúrúùpù WhatsApp kan la fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà bá wa fi Jira, sọ́fítíwíà kan tó ń tọ́ iṣẹ́, sórí fóònù gbogbo wa, oṣù kan kò pé tí àwọn ọmọ fi pa á tì. Ẹnì kan ní kí n lo Trello, ẹlòmíì ní Excel ti tó. Kí ni kí n rà, báwo ni mo sì ṣe máa ṣe é tí wọn ò fi ní pa èyí náà tì? — Atẹ̀wé, Ṣómólù

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá mi, ẹ kú wàhálà. Ẹ má tíì ra ohunkóhun. Ohun tí ẹ kọ́kọ́ nílò ni páálí kan, máákà kan, àti àsìkò díẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àwọn ọmọ yín lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Kí ẹ jọ kọ ọ̀nà tí iṣẹ́ kan ń gbà ní ṣọ́ọ̀bù yín sílẹ̀, látìgbà tí oníbàárà bá ti san àsansílẹ̀ títí dìgbà tó bá kó ẹrù rẹ̀ tó sì san owó tó kù. Kì í ṣe ọ̀nà tó yẹ kó máa gbà o. Ọ̀nà tó ń gbà gan-an ni kí ẹ kọ.

Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe alábòójútó iṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé l'Ékòó, mo sì mọ Ṣómólù dáadáa. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣe gbogbo nǹkan lábẹ́ òrùlé ara rẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣe pléètì, ìyẹn páànù pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé, yàtọ̀, ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord tàbí GTO tó tóbi ju tiyín lọ yàtọ̀, oní-laminéṣọ̀n wà ní òdìkejì títì, ẹni tó ń di ìwé wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Iṣẹ́ oníbàárà kan ṣoṣo á ti gba ọwọ́ èèyàn márùn-ún sí mẹ́fà kọjá kó tó parí, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ yín. Ńṣe ló dà bí ọmọ tí gbogbo àdúgbò ń bá ìyá rẹ̀ wò: oníkálukú gbà pé ilé ẹlòmíì ló wà, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Jọ́tà ìsìnkú yẹn kò sọnù rárá. Ẹni tó gbé e lọ mọ ibi tó gbé e sí, ẹni tó gbà á náà mọ̀ pé òun gbà á. Ohun tí ẹ ò ní ni ojú kan ṣoṣo tí ẹ̀yin méjèèje lè máa wò kí ẹ fi mọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fáwọn tó bá bi mí pé ohun tí sọ́fítíwíà báyìí wà fún ni ìgbà tí iṣẹ́ bá ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ibẹ̀ niṣẹ́ ti ń sùn. Nígbà tó bá wà lọ́wọ́ èèyàn tó ń ṣe é lọ́wọ́, ara rẹ̀ dá.

Tó bá jẹ́ èmi ni, ìpele mẹ́jọ ni n bá kọ sórí páálí yẹn: Iṣẹ́ tuntun. Dìsáìnì. Ó ń dúró de oníbàárà. Pléètì. Orí ẹ̀rọ. Ó wà níta. Gígé àti dídì. Ó ti ṣe tán. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á ní káàdì tirẹ̀, tí ẹ ó máa gbé láti ìpele dé ìpele. Bí oníbàárà bá ti kó ẹrù tó sì san owó tán, káàdì rẹ̀ ti kúrò lójú páálí nìyẹn.

Méjì nínú wọn ni kí ẹ fojú sí jù. Àkọ́kọ́ ni "Ó ń dúró de oníbàárà." Ẹ ti fi àpẹẹrẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà lọ́jọ́ Ajé, kò dáhùn títí di ọjọ́ Ẹtì, ó ní kí ẹ pààrọ̀ fọ́tò bàbá àwọn, ó sì tún fẹ́ kó o lọ́jọ́ Àìkú. Tẹ́ ò bá ní ibì kan tó ń fi ọjọ́ tí ẹ ránṣẹ́ hàn, ẹ̀yin lẹ máa jẹ̀bi. Tí káàdì rẹ̀ bá wà ní ìpele yìí, ọmọ tó wà nídìí dìsáìnì á rí i láràárọ̀ pé ẹni yìí kò tíì dáhùn, á sì pè é. Ọjọ́ tí ẹ rò pé iṣẹ́ ló jẹ ẹ́, ẹ lọ wò ó, ìdúró de oníbàárà ló jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ìkejì ni "Ó wà níta." Gbogbo ohun tó bá ti jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yín lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, ibẹ̀ ni kó wà. Òfin kan ṣoṣo ló wà fún un: ẹni tó gbé iṣẹ́ lọ á ya fọ́tò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó gbé e dé, kó tó kúrò níbẹ̀, á fi fọ́tò náà sórí káàdì, á kọ orúkọ ẹni tó gbà á àti ọjọ́ tí onítọ̀hún ní kó padà wá. Ká ní òfin yìí wà nígbà náà ni, jọ́tà yẹn ì bá má sùn ju alẹ́ kan lọ.

Lẹ́yìn páálí lẹ wá lè wo fóònù. Mo fara mọ́ Trello fún yín, màá sì sọ ìdí. Jira dára. Àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà ni wọ́n ṣe é fún ní 2002, kí wọ́n lè máa fi lé àṣìṣe inú iṣẹ́ wọn kiri, ọ̀rọ̀ tó kún inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn. Ọmọ tó ń gé ìwé ní Ṣómólù kò ní ìdí kankan láti máa já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ yín kì í ṣe ọ̀lẹ, aṣọ tí wọn ò wọ̀n fún wọn lẹ ní kí wọ́n wọ̀. Excel ní tirẹ̀ wúlò fún owó, kó má jáde lọ́wọ́ ẹni tó ń bá yín kọ owó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń tẹ Excel lórí fóònù kékeré nígbà tí ìwé wà lórí rẹ̀ lójú títì.

Trello jáde ní 2011, ilé iṣẹ́ Atlassian tó ni Jira ló wá rà á ní 2017. Ohun tí ẹ máa rí tẹ́ ẹ bá ṣí i kò ju páálí yín lọ: pátákó kan, àwọn ìpele tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, káàdì lábẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọwọ́ tẹ káàdì, ẹ wọ́ ọ lọ sí ìpele tó kàn. Ó tán. Ọ̀fẹ́ rẹ̀ gba èèyàn 10, ẹ̀yin sì jẹ́ méje.

Ẹ̀rù má ba àwọn àgbà iṣẹ́ inú yín, nǹkan yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ilé ìtẹ̀wé ńlá tí mo ti ṣiṣẹ́, àpòòwé kan ló máa ń bá iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan rìn, nọ́ńbà iṣẹ́ wà lójú rẹ̀, irú ìwé, iye, àwọ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ẹ wà lára rẹ̀, oníkálukú á fọwọ́ sí i kó tó gbé e fún ẹni tó kàn. Ní Japan náà, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Taiichi Ohno àtàwọn èèyàn rẹ̀ nílé iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota sọ irú káàdì bẹ́ẹ̀ di ètò: káàdì ń bá ẹ̀yà ọkọ̀ rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́, ibi tí káàdì kò bá tíì dé, wọn ò ní ṣe kún èyí tó wà nílẹ̀. Ara ètò yẹn ni àwọn tó ṣe Trello ti mú un. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ yín tó dàgbà jù pé àpòòwé iṣẹ́ náà ni, orí fóònù ló kàn ń gbé báyìí.

Ẹ jẹ́ kí orúkọ káàdì kọ̀ọ̀kan sọ gbogbo ohun tí èèyàn nílò láìṣí i: nọ́ńbà iṣẹ́, oníbàárà, ohun tó fẹ́, iye. Bí àpẹẹrẹ, "147, ìdílé Ìyá Ìbejì, jọ́tà, 500." Nínú rẹ̀ ni kí irú ìwé wà, bóyá art card 300 gíráàmù ni tàbí bond 80, bóyá ojú kan ni tàbí méjèèjì, bóyá laminéṣọ̀n rẹ̀ ń dán tàbí kò dán (èyí tí wọ́n ń pè ní matt), iye àsansílẹ̀ àti iye tó kù. Ẹ ṣe káàdì kan tí àwọn ìbéèrè yìí wà lórí rẹ̀ lófìfo, ẹ fi í ṣe àwòṣe, kí ẹni tó gba iṣẹ́ máa dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú oníbàárà. Ọ̀pọ̀ ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ lórí "mo sọ fún yín pé kó máa dán" ló máa tán síbẹ̀.

Faìlì iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Èyí tí ẹ fẹ́ fi tẹ̀wé máa ń wúwo, ọ̀fẹ́ Trello kì í sì í gba faìlì tó bá ju 10MB lọ. Ẹ fi àwòrán kékeré tí oníbàárà fọwọ́ sí sórí káàdì, kí ẹ gbé faìlì ńlá sí Google Drive, tó ń fún èèyàn ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ wá lẹ líǹkì rẹ̀ mọ́ káàdì. Ó sàn ju kí ó wà lórí kọ̀ǹpútà dìsáínà kan tí kò wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Àwọ̀ káàdì, ẹ má jẹ́ kó ju mẹ́ta lọ: pupa fún iṣẹ́ kánjúkánjú, ìyeyè fún ẹni tó jẹ owó, àwọ̀ búlúù fún iṣẹ́ tí a ò tíì ra ìwé rẹ̀. Tí gbogbo iṣẹ́ bá ti di pupa, pupa kò jámọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá nìkan ni kó máa fi pupa sí i.

Ní ti ọjọ́, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi yékéyéké. Ọjọ́ òde kọ́ lẹ máa kọ sórí káàdì, ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín ni. Ẹ ka ọjọ́ padà sẹ́yìn. Ìsìnkú wà ní ọjọ́ Ẹtì, ìdílé fẹ́ kó jọ́tà lọ́jọ́rú, dídì gba ọjọ́ kan, laminéṣọ̀n gba ọjọ́ kan, yíǹkì sì gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó lẹ ọ̀rá mọ́ ọn. Ẹ mọ̀ pé lásìkò òjò, yíǹkì kì í tètè gbẹ. Ẹni tó bá fi ọjọ́ ìsìnkú sórí káàdì, Trello á rán an létí nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Tí ọjọ́ bá ti wà lórí káàdì, tí ẹ sì ti fi orúkọ ẹnì kan sí i, fóònù onítọ̀hún ló máa dún. Orúkọ ẹnì kan ni mo wí, kì í ṣe méjì. Iṣẹ́ tó ní olórúkọ méjì kò ní olórúkọ.

Kí ẹ má bà á fi iṣẹ́ pa dìsáínà, ẹ bá a ṣàdéhùn pé iṣẹ́ mẹ́ta ló lè wà níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkẹrin á dúró sí "Iṣẹ́ tuntun" títí ọ̀kan á fi kúrò. Èyí máa nira fún yín ní oṣù kọkànlá, mo mọ̀. Àmọ́ iṣẹ́ méje tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ tí kò parí ọ̀kan, owó yín ló há síbẹ̀.

Ó wá ku ohun tó máa sọ bóyá yóò pẹ́ tàbí kò ní pẹ́, ẹ̀yin sì ni, ọ̀gá mi. Ohun tí mo ti rí níbi púpọ̀ nìyí: ọ̀gá á ní kí gbogbo èèyàn máa lo pátákó, òun fúnra rẹ̀ á tún gbé fóònù, "Iṣẹ́ Ìyá Ìbejì yẹn ńkọ́?" Ọmọ á fẹnu dáhùn. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Kí ló wá kù tí ọmọ yẹn á fi máa wọ́ káàdì kiri, nígbà tó mọ̀ pé ẹnu ni wọ́n máa gbà béèrè? Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ ṣí pátákó. Tí káàdì kò bá sí níbi tó yẹ, ohun tí ẹ máa sọ ni "wá gbé káàdì yìí síbi tó wà," kí ẹ sì dúró kó gbé e. Iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ yín bá gbé wá lórí fóònù yín lálẹ́, ẹ̀yin náà ẹ ṣe káàdì fún un kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀ fún dìsáínà. Òṣìṣẹ́ tó bá rí ọ̀gá tó ń ṣe é kò ní béèrè ìdí tí òun fi gbọ́dọ̀ ṣe é.

Ẹ má pa gúrúùpù WhatsApp. Ẹ jẹ́ kó wà fún ìkíni àti ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ gbogbo yín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n bá fi ohùn sọ síbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ títí yóò fi ní káàdì. Kò sí bí èèyàn ṣe máa wá "matt, 500" nínú ohùn tí ẹnì kan gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn.

Ẹ má kó iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá sínú Trello, á sú yín. Iṣẹ́ tó bá wọlé láti ọjọ́ Ajé tí ẹ bá mú ni kó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì mú un nígbà tí ọwọ́ ṣì dilẹ̀, kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àṣà tuntun láàárín kàlẹ́ńdà àti káàdì Kérésì ń wá wàhálà. Áàpù rẹ̀ lórí fóònù máa ń ṣiṣẹ́ bí dátà kò bá tilẹ̀ sí, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé, á fi ohun tí ẹ ṣe ránṣẹ́.

Owó ńkọ́? Trello tí wọ́n ń sanwó fún bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 5 lórí ẹnì kan lóṣù tí ẹ bá san ti ọdún kan pọ̀, dọ́là 6 tí ẹ bá ń san án lóṣooṣù. Lórí èèyàn méje, dọ́là 6 yẹn jẹ́ dọ́là 42 lóṣù. Látìgbà tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà ní oṣù kẹfà 2023, kò sẹ́ni tó lè sọ iye tí ẹ máa san lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ dúró lórí ọ̀fẹ́ títí ohun kan pàtó tí ẹ lè dárúkọ á fi há yín mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, aránṣọ ni mí l'Ábẹ́òkúta, aṣọ ẹbí àti àdìrẹ ni mo ń rán jù. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ méjì ni. Wọ́n ní gbogbo okòwò tó bá fẹ́ dàgbà gbọ́dọ̀ ní sọ́fítíwíà tó ń tọ́ iṣẹ́. Ṣé òótọ́ ni? — Aránṣọ, Ìtókú

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, rárá. Tìrẹ kò tíì dé ibẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ lò ń gba aṣọ, ìwọ lò ń wọn èèyàn, ìwọ lò ń gé e, ọmọ iṣẹ́ méjèèjì sì wà níwájú rẹ. Iṣẹ́ kì í kúrò ní yàrá kan náà. Ìwé ńlá kan tí o fa ìlà sí ti tó: nọ́ńbà, orúkọ, irú aṣọ, ọjọ́ tó fẹ́ ẹ, owó tó san, owó tó kù. Gé aṣọ pélébé kan, kọ nọ́ńbà yẹn sí i, fi abẹ́rẹ́ mú un mọ́ aṣọ oníbàárà kí o tó gbé e sílẹ̀. Nínú aṣọ ẹbí tí ogún èèyàn gbé àwọ̀ kan náà wá, nọ́ńbà yìí nìkan ló máa gbà ọ́.

Lórí fóònù, fi WhatsApp Business rọ́pò WhatsApp lásán. Ọ̀fẹ́ ni, láti 2018 ló ti wà, ó sì jẹ́ kí èèyàn lẹ àmì aláwọ̀ mọ́ oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tí wọ́n bá o fi síbẹ̀ jẹ́ ti ọlọ́jà, pa á dà sí tìrẹ: "aṣọ ti dé," "mo ti gé e," "ó ń bọ̀ wá wọ̀ ọ́ wò," "ó ti ṣe tán," "ó jẹ owó." Tí o bá fọwọ́ kan "ó jẹ owó" ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo wọn á jáde, o sì mọ àwọn tí o máa kí.

Máa ya fọ́tò ojú ìwé tí o ń kọ ìwọ̀n èèyàn sí. Òjò lè wọlé, ìwé lè sọnù, o ò sì fẹ́ máa pe àwọn oníbàárà àtọdúnmọ́dún padà wá wọ̀n.

Ọjọ́ tó o bá gba ẹnì kan sí ṣọ́ọ̀bù kejì, tàbí tí oníbàárà bá pè nígbà tí o wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ọmọ iṣẹ́ kò sì lè sọ ibi tí aṣọ rẹ̀ dé láìpè ọ́, padà wá ka ohun tí mo kọ sí atẹ̀wé Ṣómólù lókè yìí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Sólà ni ilé iṣẹ́ mi ń fi sílé fún àwọn èèyàn ní Òṣogbo, òṣìṣẹ́ márùn-ún ló wà. A ti ní pátákó lórí fóònù báyìí, mo sì ní kí wọ́n máa ya fọ́tò iṣẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ṣùgbọ́n ojú wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo gbọ́ pé wọ́n ń sọ láàárín ara wọn pé ńṣe ni mo ń ṣọ́ wọn bí olè. Kí ni kí n ṣe? — Oní-sólà, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, torí ọ̀gá míì á kàn máa pàṣẹ lọ ni. Ìbéèrè kan lèmi náà ní fún yín: látìgbà tí pátákó ti dé, ṣé ẹ ti fi ohun tó wà lórí rẹ̀ gé owó ẹnikẹ́ni, tàbí bú ẹnikẹ́ni lójú ẹlòmíì? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìdáhùn yín ti wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, òtítọ́ ò ní dé orí pátákó yẹn mọ́. Wọ́n á máa gbé káàdì lọ sí "ó ti parí" nígbà tí wáyà ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ pè wọ́n jọ, ẹ sọ ọ́ fún wọn láìfi bò pé ìjíròrò tó bá kan owó oṣù àti ìwà kò ní ti orí pátákó wá. Kí ẹ sì mú un ṣẹ. Ẹ má máa ka iye káàdì tí ẹnì kan parí fi wé ti ẹlòmíì: ilé tí wọ́n fi pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin sí kò lè dọ́gba pẹ̀lú hòtẹ́ẹ̀lì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi áàpù tó ń sọ ibi tí èèyàn wà sórí fóònù tiwọn, ẹ má gbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí pátákó ṣe wọ́n láǹfààní. Ohun tó ń dun òṣìṣẹ́ sólà jù ni kó dé ilé oníbàárà, kó bá a pé bírékà kò sí nínú ẹrù tí wọ́n dì fún un, kó pe ọ́fíìsì, kí ẹnikẹ́ni má gbé e, kí oníbàárà wá máa fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ fi ìpele kan kún un tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "Ó dúró, kí ló fà á?" Ẹni tí nǹkan bá há mọ́ lọ́wọ́ á gbé káàdì síbẹ̀, á kọ ohun tó nílò. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, ọrùn yín ni ìdádúró wà, kì í ṣe ọrùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rí i pé ìpele yẹn lẹ kọ́kọ́ ń ṣí láàárọ̀, kí ẹ sì fi bírékà náà ránṣẹ́ kí ẹ tó ṣe ohun míì. Bí wọ́n bá rí èyí bíi ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ ò ní bẹ ẹnikẹ́ni mọ́ kó tó kọ nǹkan síbẹ̀.

Àwọn ni kí ẹ jẹ́ kó fún àwọn ìpele lórúkọ. Ẹ kó ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó fi ilé sílẹ̀ sórí káàdì ilé kọ̀ọ̀kan: wáyà tó lọ sínú ilẹ̀, bírékà, bí wọ́n ṣe de pánẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀ lórí òrùlé, iye iná tó ń jáde, fọ́tò bátìrì. Ẹ bi ẹni tó mọṣẹ́ jù láàárín wọn pé kí ló kù. Fọ́tò ọ̀hún náà, ẹ ṣàlàyé pé ààbò tiwọn ni. Tí oníbàárà bá pè lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé ẹ ò fi wáyà ilẹ̀ sí i, fọ́tò ló máa gba òṣìṣẹ́ yín sílẹ̀.

Kókó kan tí ẹ ò béèrè: oníkálukú ni kó ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi ẹyọ kan ṣe gbogbo èèyàn. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó lè mọ ẹni tó kọ kí ni, ìfura tí ẹ̀ ń sá fún yìí á sì tún pọ̀ sí i. Àdírẹ́sì ilé àwọn èèyàn, nọ́ńbà fóònù wọn àti fọ́tò ohun tó wà nílé wọn ló wà lórí pátákó yẹn, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 sì kan ilé iṣẹ́ kékeré náà. Òṣìṣẹ́ tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kódà kó jẹ́ tẹ̀rín-tọ̀yàyà lẹ fi pínyà, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì fún ẹlòmíì ní gbogbo káàdì tó wà lórúkọ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.